Ọkọ̀ Ni Mo Kọ, Ọkọ Kọ́

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ óò ka ìwé yìí, ẹ forí jì mí. Kíláàsì mẹ́rin péré ni mo kà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ayépé kí bàbá mi tó kú, ọwọ́ mi sì mọ abẹ́rẹ́ ju kálàmù lọ. Ohùn Ìjẹ̀bú ni mo fi ń ro ọ̀rọ̀ nínú mi, lẹ́yìn náà ni mo máa ń wá bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti ta kókó, ẹ bá mi tú u. Àmì orí ọ̀rọ̀ nìkan ni n kò ní tọrọ àforíjì lé lórí. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Òórùn gọ́ọ̀mù ló máa ń kọ́kọ́ dé bá mi nígbàkígbà tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ náà, gọ́ọ̀mù aláwọ̀ oyin tí a fi ń lẹ fóòmù, tó máa ń gba imú wọ inú orí lọ bí ìgbà tí ènìyàn fín ata. Òórùn yẹn kì í kúrò ní àtíbàbà ọ̀gá mi lẹ́bàá ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òun àti òórùn awọ tuntun, epo ẹ̀rọ ìránṣọ, àti eruku tó ń tú jáde bí a bá la ìjókòó àtijọ́, ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Ìjókòó ọkọ̀ là ń rán. Ìgbà ìjọba ológun ni, nígbà tí ọjà òkè òkun wọ́n bí ojú. Àwọn tó ń pààrọ̀ ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ ti wá ń tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe, iṣẹ́ sì ń wọlé fún wa láàárọ̀ àti lọ́sàn-án.

Èmi nìkan ni obìnrin láàrin àwọn ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá mi. Ojú máa ń tì mí púpọ̀ nígbà náà, ó ṣì ń tì mí, ṣùgbọ́n ti ìgbà náà ju èyí lọ. Bí mo bá wọlé láàárọ̀, kò sẹ́ni tó ń mọ̀ títí ẹ̀rọ mi yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá mi fi sọ mí ní Ayọ́kẹ́lẹ́, orúkọ tí a ń pe mọ́tò kékeré tó máa ń rọra yọ́ kọjá láìpariwo. Á ní, "Ayọ́kẹ́lẹ́ ti páàkì o, kí ẹ̀yin lọ́rì tó kù náà máa wọlé." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín sínú. Oṣù mẹ́ta ló kù kí n gba òmìnira iṣẹ́. Ìyá mi ní Ayépé ti ra aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti ká a sínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀. Gbogbo ohun tí mo ń fẹ́ láyé nígbà náà kò ju pé kí oṣù mẹ́ta yẹn parí láìsí àbùkù, kí ọ̀gá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí níwájú ìyá mi, kí n sì lọ dá dúró.

Lọ́yà kan wà nínú ìlú tó ní ọkọ̀ bọ̀gìnnì dúdú kan, ọkọ̀ tó gùn, tó dákẹ́, tó ń dán bí omi inú àmù. Ó fẹ́ kí a pààrọ̀ gbogbo awọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ọkọ̀ náà sùn lábẹ́ àtíbàbà ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá mi wá ní kí n máa lọ sí ilé lọ́yà náà láàárọ̀, kí n máa wọn ìjókòó, kí n máa fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán èyí tó yẹ ní gáréèjì wọn, kí n sì máa gbé èyí tó kan ẹ̀rọ bọ̀ wá sí àtíbàbà. Ó ní èmi ni òun lè rán nítorí pé n kì í sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi kì í sì í yá sí ohun olóhun.

Ọmọkùnrin lọ́yà náà, tí a jọ lè jẹ́ ẹgbẹ́, ti ìlú òyìnbó dé fún ọlidé. Ó gbé kọ̀ǹpútà kan bọ̀ tí kò tóbi ju Bíbélì orí pẹpẹ lọ. Ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kásẹ́ẹ̀tì ló sì fi ń gbé eré sínú rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì náà á kọ́kọ́ máa ké wíì-wíì bí eku tí ológbò tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ igbe yẹn ní pálọ̀, ó sì lé e lọ sí yàrá kékeré tó fara ti gáréèjì. Bí mo ṣe ń ránṣọ ni mo ń wo tẹlifíṣọ̀n náà láti ojú ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe eré kí a kàn máa sáré ọkọ̀ kiri. Ìwọ fúnra rẹ lo máa kọ́ ọkọ̀ tí kò sí láyé. Wàá sọ bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò ṣe lágbára tó, bí ara rẹ̀ yóò ṣe wúwo tó, ibi tí ìwúwo náà yóò fì sí, irú táyà tí yóò wọ̀ àti iye ènìyàn tí yóò gbé. Kọ̀ǹpútà á wá fi ọkọ̀ náà sáré lórí ọ̀nà, á sì sọ ibi tó dára àti ibi tó kù sí. Ìwé ìròyìn òyìnbó kan tó ń kọ nípa irú eré bẹ́ẹ̀ ti kéde ìdíje: ẹni tó bá kọ́ ọkọ̀ bọ̀gìnnì tó ń sáré jù, tó sì ń tuni lára jù, tó sì ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, wọn á fi ọkọ̀ náà sínú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa tà tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ ìdíje yìí ni ọmọkùnrin náà ń jẹ, òun ló ń mu.

Ọkọ̀ tí òun kọ́ rí ṣóńṣó bí ọfà. Ó ń sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbi kọ́nà, á fi ìdí gbá kiri, á wọ inú koríko. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń bú kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi, n kò mọ ìgbà tí mo yọ ọ́. Mo ní, "Brọ̀dá, ta ló máa jókòó síbẹ̀?"

Ó yíjú bí ìgbà tí ìjókòó ọkọ̀ bàbá rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ó ní òun ni òun máa wà á, kí ló tún kù?

Mo ní, "Olówó kì í wa ọkọ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń jókòó sí."

Ara mi gbóná lẹ́yìn tí mo sọ ọ́, mo tẹ orí mọ́lẹ̀, mo tún ti abẹ́rẹ́ bọ ẹnu. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tún un sọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bí a bá fẹ́ rán ìjókòó, a kì í kọ́kọ́ fi sísọ́ọ̀sì kan awọ. Ìwé àpò sìmẹ́ńtì là ń kọ́kọ́ gé. A ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, a ó tẹ́ ẹ, a ó gé e, a ó tún un gé, títí tí yóò fi bá ara mu. Lọ́jọ́ kejì mo ká ìwé àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta sábẹ́ apá lọ sí ilé lọ́yà, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ gáréèjì, mo sì gé ọkọ̀ tí kò sí láyé. Ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọlọ́lá ń jókòó sí, mo wá ń bọ̀ níwájú. Mo gé òrùlé rẹ̀ kó ga tó kí gèlè má baà fi orí kàn án. Mo gé ilẹ̀kùn rẹ̀ kó gbòòrò nísàlẹ̀, nítorí mo ti rí agbádá tó há sẹ́nu ilẹ̀kùn tí ẹrẹ̀ sì bà á jẹ́ láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì. Nípa ti kọ́nà, mo sọ fún un pé awakọ̀ tó ń ná Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ máa ń gbé àpò gaàrí sí ẹ̀yìn kí ìdí ọkọ̀ lè balẹ̀. Ó ní ìyẹn ò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó gbìyànjú rẹ̀. Ó kó lára ìwúwo ọkọ̀ náà sẹ́yìn, sábẹ́ ìjókòó ọlọ́lá, ó sì tẹ kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ náà yà ní kọ́nà bí ẹni fi ọwọ́ fa ìlà. Ọmọkùnrin náà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pà, ó sì wò mí. N kò purọ́ fún yín, kò sí ìfẹ́ kankan nínú rẹ̀. Inú mi kàn dùn bíi ti ẹni tó gé awọ lẹ́ẹ̀kan tó sì bá ara mu.

Nítorí pé ojú ń tì mí láti fi ẹnu ṣàlàyé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Mo ra ìwé eléwé ogójì kan, mo ń kọ ohun tí mo fẹ́ kí ọkọ̀ náà jẹ́ sínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ń gbé e fún un láàárọ̀. Tíṣà tó kọ́ wa ní Ayépé kò dé orí àmì rárá, lẹ́tà lásán ló kọ́ wa. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kọ ni mo kọ ọ́, mo sì dà á kọ síhìn-ín bó ṣe wà nínú ìwé náà, láìfi nǹkan kan kún un:

"Oko mi ko gbodo pariwo. Bi o ba n bo e ko ni gbo ese re. Ara re a maa dan, a si dudu. Mo fe ki eyin re gboro ki n le sinmi le e. Bi mo ba ti wa pelu oko mi, oorun ko le pa mi, ojo ko le pa mi. Agbara re po sugbon ko ni maa fi han. Ni ojo kan yoo gbe mi lo si Ayepe ki iya mi ri i."

Ẹ ti rí i. Èmi kò rí i.

Ọmọkùnrin náà tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, ó fi rúlà ya àwòrán rẹ̀ láti ara ìwé sìmẹ́ńtì mi, ó sì gbé e han bàbá rẹ̀. Lọ́yà, tó ti ń pe kọ̀ǹpútà yẹn ní iṣẹ́ ọ̀lẹ tẹ́lẹ̀, ká àwòrán náà lọ sí kíláàbù rẹ̀, ó ń fi í han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹ wá wo ohun tí orí ọmọ òun gbé jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun, ọmọkùnrin náà yọjú sí gáréèjì. Ó ní òun kò tíì dárúkọ mi o, kí n má bínú, tó bá yá òun á sọ fún wọn. Ẹ mọ ohun tí mo dá a lóhùn? Mo ní, "Ẹ ṣeun, Brọ̀dá." Mo dúpẹ́. Ó bọ́ sí i fún mi pé kò ní pè mí síta níwájú ènìyàn. Bí mo bá ń bínú sí àwọn yòókù, mo máa ń yọ tèmi náà sọ́tọ̀, nítorí pé ọpẹ́ yẹn, ẹnu mi ló ti jáde.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, tó kù kí n rán ìjókòó ẹ̀yìn nìkan, ìyàwó lọ́yà tún yàrá ọmọ rẹ̀ ṣe, ó sì rí ìwé eléwé ogójì mi lábẹ́ pílò. Mo gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí màmá yìí jẹ́, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìbínú mi jókòó sí. Tíṣà ni. Ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ìwé gíráámà, èdè Yorùbá ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn àmì tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ní Ayépé, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni.

Ó pè mí wá sí iwájú ilé. Kúùkù àti dírẹ́bà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti ránṣẹ́ pe ọ̀gá mi. Nígbà tí ọ̀gá mi dé, tó sì dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ṣí ìwé náà, ó sì fi ohùn tí wọ́n fi ń kàwé níwájú kíláàsì kà á: "Ọkọ mi kò gbọdọ̀ pariwo. Bó bá ń bọ̀, ẹ kò ní gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ó kà á títí dé òpin, kò fo ìlà kan. Níbi tí mo ti ní kí ẹ̀yìn rẹ̀ gbòòrò kí n lè sinmi lé e, kúùkù fi ìbòrí bo ẹnu. Dírẹ́bà rọra fi ohùn mìíràn pe ọ̀rọ̀ oko náà sí i létí, ohùn tí n kò lè kọ síbí, àwọn méjèèjì sì ń mì fún ẹ̀rín. Dírẹ́bà ní, "Ayọ́kẹ́lẹ́, àṣé inú ilé onílé lo fẹ́ páàkì sí."

Ìyàwó lọ́yà ti ìwé náà pa. Ó ní, "Ṣé ọmọ mi lò ń pè ní ọkọ? Ìwọ?"

"Ìwọ" yẹn ni mo ṣì ń gbọ́. Ó fi ohùn kékeré pè é, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo gọ́ọ̀mù tó gbẹ mọ́ ìka mi. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ire, ibo ni yóò ti rí ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìjà? Mo wo ọmọkùnrin náà. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ni ó mọ̀ nípa ìwé yìí. Mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tí kò ju kí ohùn wálẹ̀ díẹ̀ lọ: ọkọ̀ ni, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n bó bá ní ọkọ̀ ni, wọn á bi í pé ọkọ̀ wo. Wọn á wá mọ orí tó gbé e jáde.

Ó ní, "Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, Mọ́mì. Mi ò rí ìwé yẹn rí."

Ó yípadà wọlé.

Ọ̀gá mi kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Kúnlẹ̀, bẹ̀ wọ́n." Mo kúnlẹ̀ sórí kọnkéré tó ti gba oòrùn, mo sì bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí n kò ṣe. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n forí jì mí, n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyàwó lọ́yà ju ìwé náà sí mi lẹ́sẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ rí ẹsẹ̀ mi lágbàlá òun mọ́, kí ọ̀gá mi fi ọkùnrin kan wá to ìyókù.

Lójú ọ̀nà, ọ̀gá mi ń lọ níwájú, mo ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí a kọjá ibi tí ilé lọ́yà kò hàn mọ́, mo fi gbogbo agbára mi sọ ọ́. Mo ní ọkọ̀ ni, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹkún ni mo fi ń sọ ọ́, ohùn mi kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ dọ́gba gbalaja. Ọ̀gá mi dúró, ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"O tún ń pè é lọ́kọ síbẹ̀?" Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀rọ̀ òmìnira ẹ, ó di ìgbà tí mo bá rí ìyá ẹ."

Mo rò nípa aṣọ inú àpótí, mo rò nípa káńfọ̀. Mo ń tẹ̀ lé e lọ.

Bàbá kan wà ní ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà wa tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ sára lọ́rì. Bí a ṣe padà dé, tí ọ̀gá mi ti bá tirẹ̀ lọ, mo lọ jókòó sẹ́yìn lọ́rì tí bàbá náà ń kùn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi. Ó bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo na ìwé náà sí i. Ó nu ọ̀dà kúrò lọ́wọ́, ó kà á, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó tún un kà, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní, "Mọ́tò ni, àbí?"

Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Ẹkún tuntun bẹ̀rẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì kọ oko sára pákó lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Ó fi àkọ́kọ́ sílẹ̀ lásán, ó ní ibi tí àgbẹ̀ ń lọ nìyẹn. Ó fi kíún, àmì kékeré bí orí abẹ́rẹ́, sábẹ́ lẹ́tà o méjèèjì ti èkejì, ó ní ẹni tó gbé ọ níyàwó nìyẹn. Ó fi kíún sábẹ́ ẹ̀kẹta, ó sì fa igi kékeré kan lé ìkẹyìn rẹ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sápá ọ̀tún bí ẹni ń bọ̀ láti orí òkè, ó ní ohun tí òun ń kùn lójoojúmọ́ nìyẹn, ọkọ̀. Ti ẹ̀kẹrin, òun náà ní kíún, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ ń gòkè, ohun tí àgbẹ̀ fi ń roko nìyẹn. Ó ní, "Ẹnu kì í gbàgbé ohùn, ọmọ mi. Kálàmù ló ń gbàgbé."

Mo wo pákó yẹn pẹ́. Ohun tó yé mi kò jẹ́ kí ìbínú mi tutù títí dòní. Bàbá tó ń kun lọ́rì ka ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wá ìtumọ̀ tó bá a mu. Obìnrin tó ń fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́ náà kà á, gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà níwájú rẹ̀ tó lè mú. Ọ̀kan ló mú. Kì í ṣe pé kò mọ̀wé. Irú ọmọbìnrin tó rò pé mo jẹ́ ni ó kà, kò ka ohun tí mo kọ rárá. Ìgbà kan wà tí mo rò pé àìmọ̀wé mi ló kó bá mi. Irọ́ ni. Bí mo bá tilẹ̀ fi àmì sí gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá ti fẹ́ fojú tín-ín-rín rẹ á kà ọ́ bó ṣe wù ú.

Ọ̀rọ̀ náà parí bí ọ̀rọ̀ irú wa ṣe máa ń parí. Bàbá akun-lọ́rì bá ọ̀gá mi sọ ọ́. Ọ̀gá mi kò sọ fún mi pé òun ṣi mí gbọ́, ṣùgbọ́n kò ránṣẹ́ pe ìyá mi mọ́ títí oṣù mẹ́ta fi pé. Lọ́jọ́ náà ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì gbé e síbẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá mi wọ aṣọ rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, dírẹ́bà lọ́yà, ẹni tó fi mí rẹ́rìn-ín, wá sí ìsọ̀ tèmi pé kí n bá òun rán ìjókòó bọ́ọ̀sì kan. Kò lè wò mí lójú. Ó ní ọkọ̀ ìdíje yẹn ló gba ipò kìíní o, wọ́n ti fi sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fi dígí bo ojú ewé ìwé ìròyìn náà, ó wà lára ògiri pálọ̀ wọn. Mo bi í pé kí ni orúkọ tí ọmọkùnrin náà fún ọkọ̀ náà. Ó wo ilẹ̀. Ó ní AYOKELE ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọ náà sọ fún àwọn òyìnbó pé orúkọ ìyá bàbá òun ni.

Mo rán ìjókòó bọ́ọ̀sì náà, mo rán an dáadáa. Iṣẹ́ kò ṣẹ̀ mí.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé kí n gbàgbé, pé mo ti ní ìsọ̀ tèmi, pé Ọlọ́run ti jà fún mi. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a fi Ọlọ́run dí ẹnu mi. Inú ń bí mi, mo sì ti wá rí i pé ìbínú náà ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àmì. Bàbá akun-lọ́rì kọ́ mi ní ìyókù díẹ̀díẹ̀, òun ni mo sì fi ń kọ èyí. Kò sí ẹni tó tún lè gba ọ̀rọ̀ mi lọ́wọ́ mi kó pè é ní ohun mìíràn, láìjẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì Sátidé tí mo kúnlẹ̀ yẹn nìkan ló kù kí n sọ. Ọjọ́ Àìkú ni, kò sì yẹ kí a ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lọ́yà fẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀gá mi sì ti ní kí gbogbo wa wá. Mo dé àtíbàbà ṣáájú wọn. Awọ ìjókòó ẹ̀yìn ṣì wà lórí ẹ̀rọ mi, ojú kan ṣoṣo ló kù kí n pa dé. Mo yí i padà sí inú síta. Mo fi òwú pupa sínú abẹ́rẹ́ ọwọ́, mo sì rán ọ̀rọ̀ sí abẹ́ ibi tí ọlọ́lá ń jókòó sí, lápá ọ̀tún: ỌKỌ̀. Mo ta kókó òwú méjì fún àwọn kíún, mo fa igi rẹ̀ kó sọ̀kalẹ̀ bó ṣe yẹ. Lábẹ́ rẹ̀ mo rán an pé: Ayọ́kẹ́lẹ́ ló gé e. Lẹ́yìn náà mo yí awọ náà padà, mo pa ojú rẹ̀ dé lórí ẹ̀rọ, mo gba orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó má baà tú láé, mo sì fi eyín gé òwú. Nígbà tí ọ̀gá mi wọlé, ó bi mí pé ṣé ó ti parí. Mo ní, "Ó ti parí, sà." Wọ́n gbé e lọ tò fún wọn kí ìyàwó lọ́yà tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì jókòó lé e.